Ẹ̀yin ará Èkìtì tó ń lọ Paris, bẹ́ ẹ ṣe máa jẹun ní bistro nìyí

Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ pé èèyàn wa kan lọ Paris fún odidi ọ̀sẹ̀ kan tó sì padà wá sí Adó láì fẹnu kan oúnjẹ Faransé kankan. Ì báà jẹ́ pọ̀fẹ́sọ̀ wa tó lọ ìpàdé ní UNESCO, ì báà jẹ́ màmá tó lọ bá ọmọ ẹ̀ gbọ́mọ tuntun jó, nǹkan kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn: bọ́gà, búrẹ́dì tí wọ́n rà ní ibùdókọ̀ ojú irin, àbí kí wọ́n wọ métro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, lọ Château Rouge, àdúgbò tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ Áfíríkà, lọ ra iṣu àti ata. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ Château Rouge o, ata ṣáà ni ata, ṣùgbọ́n nǹkan tí kì í jẹ́ kí wọ́n wọ bistro kì í sábà jẹ́ owó, ẹ̀rù ni. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á rí pátákó dúdú tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ sí, wọ́n á rí àwọn èèyàn tí wọ́n jókòó fún ara wọn pinpin, wọ́n á ní bóyá ibí yìí kì í ṣe tiwa, wọ́n á bá tiwọn lọ. Tiyín ni jàre. Ẹ jẹ́ n sọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé bistro kì í ṣe ibi àwọn olówó gọbọi. Ilé oúnjẹ àdúgbò ni, kékeré, irú oúnjẹ tí wọ́n ń sè lójúmọ́ ò pọ̀, ọ̀gá tó ni ín gan-an lè jẹ́ òun ló wà nídìí ìkòkò. Púpọ̀ nínú àwọn tó dá irú ibẹ̀ sílẹ̀ ní Paris láyé àtijọ́, ará oko ni wọ́n, àwọn ará Auvergne, agbègbè olókè kan láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé. Láàárín ọdún 1800 sí 1900 ni wọ́n ń ya wọ Paris, wọ́n ń pọn omi fún àwọn ará ìlú, wọ́n ń ta èédú àti igi ìdáná, wọ́n wá ń ta wáìnì mọ́ ọn, nígbà tó yá ìyàwó gbé ìkòkò kaná fún àwọn oníbàárà. Ẹni tó bá ti rí ọmọ Èkìtì tó gbé odó lọ Èkó tó sì fi iyán dá búkà sílẹ̀ ti mọ irú èèyàn tí mò ń sọ. Oúnjẹ ilé lẹ fẹ́ lọ jẹ, kì í ṣe ìdánwò lẹ fẹ́ lọ ṣe.

Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ wo aago. Àwa níbí, tí ebi bá pa wá ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, a máa yà sí búkà, a jẹ, ó tán. Bistro ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀sán wọn bẹ̀rẹ̀ ní aago 12, tó bá fi máa di aago 2 tàbí 2:30 àwọn alásè ti ń nu kíṣíìnì, wọn ò ní dáná mọ́ títí di aago 7 tàbí 7:30 alẹ́. Tẹ́ ẹ bá dé láàárín méjèèjì, wọ́n lè ta kọfí fún yín, oúnjẹ gidi ò sí. Tó bá jẹ́ àkókò yẹn lebi mú yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ brasserie sí, torí àwọn yẹn sábà máa ń gbé oúnjẹ látọ̀sán dalẹ́ láì dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ bistro ló máa ń tì lọ́jọ́ Sunday àti Monday, tó bá sì di oṣù kẹjọ àwọn míì á ti ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n lọ ìsinmi nìyẹn. Alẹ́ Friday àti Saturday, ẹ fóònù wọn ṣáájú kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ dè yín, tẹ́ ẹ bá sì sọ pé aago 8, aago 8 náà ni kẹ́ ẹ dé, wọn ò ní fi tábìlì ṣòfò dè yín, ibẹ̀ kéré.

Ibo gan-an ni kẹ́ ẹ wọ̀? Ibi tí pátákó wọn bá kúrú, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ́, tẹ́ ẹ rí i pé wọ́n ń pa á rẹ́ tí wọ́n ń tún un kọ, ibẹ̀ dáa, torí ohun tí wọ́n rà lọ́jà láàárọ̀ ni wọ́n ń sè. Ibi tí wọ́n bá ya fọ́tò oúnjẹ sára ògiri, tí wọ́n kọ ọ́ ní èdè méje, tí ọkùnrin kan sì dúró síta tó ń fa àwọn èèyàn wọlé, tó sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Eiffel Tower, ẹ bá tiyín lọ. Àmì kan tún wà tí òfin wọn mú jáde ní 2014, àwòrán ìkòkò tó ní òrùlé lórí, wọ́n á kọ fait maison sí i, ìyẹn ni pé àwọn fúnra wọn ló se oúnjẹ yẹn níbẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n kàn gbé e látinú firísà wá gbé e kaná. Tẹ́ ẹ bá ní ikọ́ fée tàbí tẹ́ ẹ ò fẹ́ èéfín sìgá, inú ni kẹ́ ẹ jókòó sí, torí wọ́n ti fòfin de sìgá nínú ilé oúnjẹ láti 2008, àwọn tó ń mu ún ló wá kún ìta gbangba.

Ìkíni ló kàn, ẹ má fi ọwọ́ kékeré mú èyí o, torí ibi tí ọ̀pọ̀ àjèjì ti ń kan ìjàngbọ̀n nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ jẹun, kẹ́ ẹ tó wá àga, ẹ kọ́kọ́ kí wọn: bonjour ní ọ̀sán, bonsoir tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Bonjour yẹn, ẹ pè é bíi bọn-júù, imú Yorùbá mọ̀ ọ́n pè dáadáa. Ẹ fi Monsieur mọ́ ọn fún ọkùnrin, Madame fún obìnrin. Àwọn tó ń sọ pé àwọn agbáwo ní Paris máa ń fojú pa èèyàn rẹ́, tẹ́ ẹ bá wádìí, wọlé ni wọ́n wọlé, wọ́n ní "I want table." Ní ilẹ̀ tiwa níbí, ẹni tó wọlé tí ò kí ará ilé, ta ló máa fún un lága? Ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀ láti kékeré ni, ẹ má gbé e sílẹ̀ nítorí pé òyìnbó ló wà níwájú yín. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá na ìka sókè, ẹ sọ iye èèyàn tẹ́ ẹ jẹ́, ẹ dúró kí wọ́n fi àyè hàn yín. Ẹ má lọ jókòó fúnra yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe agbáwo, ẹ ò gbọ́dọ̀ pàtẹ́wọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ pòṣé pè é, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ pè é ní garçon, ìyẹn ọmọdékùnrin, bó ti wù kí fíìmù àtijọ́ máa pè é, ìwọ̀sí ni lónìí. Ẹ jẹ́ kí ojú yín àti tiẹ̀ ṣe mẹ́rin, ẹ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ẹ ní s'il vous plaît, síì-fù-plẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ wa pé ká má wo ojú àgbà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ nílò wọn.

Àyè ibẹ̀ há. Wọ́n á fa tábìlì síta kí ẹnì kan lè wọ ẹ̀yìn ẹ̀ lọ sórí àga gígùn tó wà lára ògiri, wọ́n á wá ti tábìlì padà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè sún mọ́ yín débi pé ẹ̀ẹ́ gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ, kò sí wàhálà, ẹ ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Nítorí náà agbádá ò dáa fún ibẹ̀, apá ẹ̀ á gbá ife wáìnì ẹlòmíì dànù. Bùbá àti ṣòkòtò tó.

Ó wá kan pátákó yẹn. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: entrée lohun tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun, plat ni oúnjẹ gan-an, dessert ni ohun dídùn ìkẹyìn. Àwọn tó ti gbé Amẹ́ríkà rí, ẹ ṣọ́ra, torí ohun tí wọ́n ń pè ní entrée lọ́hùn-ún ni plat níbí, mo mọ ẹni tó bèèrè entrée tó ń retí ẹran ńlá, ẹyin kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá. Ìwé tí wọ́n kọ gbogbo oúnjẹ sí, carte ni wọ́n ń pè é. Tẹ́ ẹ bá rí menu tàbí formule, iye kan ni wọ́n ti fi lé oúnjẹ méjì tàbí mẹ́ta lápapọ̀, ọ̀sán ló sì pọ̀ jù, òun ló dín owó jù lọ. Oúnjẹ kan náà tó wọ́n lálẹ́, tẹ́ ẹ bá lọ lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́ ní owó pọ́ọ́kú. Kò di dandan kẹ́ ẹ mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù mú plat kan, kẹ́ ẹ má jókòó èèyàn mẹ́rin kẹ́ ẹ wá ra abọ́ kan.

Lẹ́yìn náà agbáwo á bi yín nípa omi, plate ou gazeuse, ìyẹn omi lásán àbí omi oníhóhò. Méjèèjì, inú ìgò ni, owó sì ni. Ohun tẹ́ ẹ máa sọ ni une carafe d'eau, ún káráàfù dó. Omi ẹ̀rọ nìyẹn, omi Paris mọ́, ọ̀fẹ́ ni, láti oṣù kìíní 2022 òfin tiẹ̀ ní kí wọ́n kọ ọ́ sára carte tàbí síbi tí ojú ti lè rí i pé oníbàárà lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Búrẹ́dì náà ọ̀fẹ́ ni, tó bá tán ẹ bèèrè sí i. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bù ú, orí tábìlì náà ni wọ́n ń gbé e sí, kò nílò abọ́, kò sì sí bọ́tà lára ẹ̀, ẹ má ṣe rò pé wọ́n gbàgbé.

Oúnjẹ wá kù. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbín, torí ọmọ Èkìtì ò gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀ kó má jẹ ìgbín. Escargots ni wọ́n ń pè é, mẹ́fà tàbí méjìlá ni wọ́n ń tà á. Ẹ má retí ìgbín ńlá tí wọ́n ń kó wá sí Ọjà Ọba o, tiwọn kéré gan-an. Wọ́n ti sè é rọ̀, wọ́n dá a padà sínú ìkarahun, wọ́n wá fi bọ́tà tí wọ́n lọ ááyù àti ewé parsley mọ́ dí ẹnu ẹ̀, wọ́n sì gbé e sínú ààrò. Abọ́ tó máa gbé e wá ní kòtò wẹ́wẹ́ mẹ́fà, ìgbín kan nínú kòtò kan, bọ́tà á ṣì máa hó yọ̀ọ̀ lẹ́nu ẹ̀, àwọ̀ ewéko ni, òórùn ááyù á gba gbogbo tábìlì. Wọ́n á fún yín ní ẹ̀mú kékeré kan àti fọ́ọ̀kì eléyín méjì. Ọwọ́ òsì ló ń fi ẹ̀mú di ìkarahun mú, ẹ̀mú yìí ń ṣí tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ń pa dé tẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀, nítorí náà ẹ di ìkarahun mú kẹ́ ẹ tó dẹwọ́, tí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa ta dànù. Ọwọ́ ọ̀tún á wá fi fọ́ọ̀kì yí ẹran jáde. Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ tán, bọ́tà tó kù nínú kòtò, ẹ bu búrẹ́dì, ẹ fi nù ún mọ́lẹ̀. Ohun tó dùn jù nìyẹn, àwọn Faransé náà ń ṣe é, ẹ má tijú.

Ọbẹ̀ àlùbọ́sà wọn náà, soupe à l'oignon, dáa gan-an nígbà òtútù. Wọ́n fi sùúrù yan àlùbọ́sà títí tó fi pọ́n, wọ́n da omi ẹran sí i, wọ́n to búrẹ́dì gbígbẹ lé e, wọ́n fi wàràkàṣì bò ó, wọ́n wá fi iná orí ààrò sun ún kó pọ́n. Òkè ẹ̀ lè dà bíi pé ó ti tutù, ìsàlẹ̀ ń hó. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń jẹ ọbẹ̀ tó gbóná.

Nípa ẹran màlúù, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ steak, agbáwo á bi yín pé báwo lẹ ṣe fẹ́ kó jinná sí. Bleu, iná kàn kí i lásán ni. Saignant, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. À point, tó yẹ kó jẹ́ àárín, inú ẹ̀ ṣì pupa fòò lójú tiwa. Bien cuit, byẹn kwí, ló jinná. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò lè jẹ ẹran tí inú ẹ̀ pupa, bien cuit ni kẹ́ ẹ sọ. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi steak sílẹ̀ pátápátá, torí irú ẹran yẹn tó bá ti jinná tán ó máa ń le. Ẹran tí wọ́n fi wákàtí mélòó kan sè ló bá ẹnu wa mu. Bœuf bourguignon, màlúù tí wọ́n fi wáìnì pupa sè títí tó fi ń já fúnra ẹ̀. Blanquette de veau, ọmọ màlúù nínú ọbẹ̀ funfun. Pot-au-feu, ẹran àti kárọ́ọ̀tì àti leek nínú omi ẹran tó mọ́ lóló. Confit de canard, itan pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n sè nínú ọ̀rá ara ẹ̀ tí wọ́n wá din awọ ẹ̀ kó ta kẹ́kẹ́, mi ò tíì rí èèyàn wa tó jẹ ẹ́ tó kábàámọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ṣàkì, kó wá tripes à la mode de Caen, ṣàkì àti ẹsẹ̀ màlúù ni wọ́n sè pọ̀ pẹ̀lú ọtí èso ápù, àwọn ará Normandy ló ni ín. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà tí eyín ẹ̀ ò lágbára mọ́ tàbí ọmọdé lẹ mú dání, hachis parmentier ni, ẹran lílọ̀ lábẹ́ pọ̀tétò gígún.

Àwọn èyí tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó dé iwájú yín: steak tartare, ẹran tútù ni, tútù gidi, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n lè fọ́ ẹyin tútù lé e. Carpaccio náà, ẹran tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tútù ni. Huîtres, ohun inú òkun tí wọ́n ń gbé mì láàyè. Andouillette, ìfun ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì bíi sọ́séèjì, òórùn ẹ̀ lágbára, tẹ́ ẹ bá rí AAAAA lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn ẹ̀ ló fi ọwọ́ sí i pé ojúlówó ni, òórùn ò tìtorí ẹ̀ dínkù.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí àti ẹ̀yin ọmọ Sẹ̀lẹ́ṣíà, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí ká lára jù. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ máa ń fara pamọ́ sínú oúnjẹ wọn. Lardons tí wọ́n fọ́n sínú sàláàdì, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Jambon, rillettes, saucisson, ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo wọn, pâté náà sábà máa ń ní in. Bœuf bourguignon tí mo yìn lókè yẹn, wọ́n máa ń fi lardons sí i, yàtọ̀ sí wáìnì tó wà níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kedere, sans porc, láìsí ẹlẹ́dẹ̀, sans alcool, láìsí ọtí, wọn kì í bínú sí i. Ẹja ló rọrùn jù fún yín, sole meunière fún àpẹẹrẹ, ẹja tí wọ́n fi ìyẹ̀fun díẹ̀ ra lára tí wọ́n din nínú bọ́tà, tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé lórí.

Ata ò sí, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Ẹ má gbé ata gígún jáde látinú báàgì kẹ́ ẹ tó tọ́ ọ wò, ẹni tó sè é lè máa wò yín látẹnu ọ̀nà kíṣíìnì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ohun tó máa ta yín, ẹ bèèrè moutarde, ìyẹn mọ́sítáàdì, èyí tó jẹ́ ti Dijon máa gun imú yín dé àtàrí, díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran.

Fọ́ọ̀kì lọ́wọ́ òsì, ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n nà ní kékeré torí pé a fi ọwọ́ òsì jẹun, tó bá ṣì ń ni yín lára, ẹ gé ẹran yẹn tán, ẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ẹ fi ọ̀tún mú fọ́ọ̀kì, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì wà lókè tábìlì, kì í ṣe lórí itan. Tẹ́ ẹ bá jẹun tán, ẹ to fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ pọ̀ sínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, agbáwo á mọ̀ pé kó wá gbé e. Tẹ́ ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó lè rò pé ẹ ṣì ń jẹun.

Wáìnì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ife kan, un verre, tàbí pichet kékeré, ìyẹn jọ́ọ̀gì wáìnì, tó èèyàn, ẹ sọ fún agbáwo pé kó yan èyí tó bá oúnjẹ yín mu, wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n bi wọ́n.

Ìkẹyìn, wàràkàṣì máa ń ṣáájú ohun dídùn, kọfí sì máa ń wá lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, wọn kì í gbé e wá pọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Tẹ́ ẹ bá ní un café, ife tíńtín dúdú kan ni wọ́n máa gbé wá, ó korò. Crème brûlée ni kẹ́ ẹ mú tẹ́ ẹ ò bá mọ èwo, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí gbá ṣúgà tó ti le lórí ẹ̀ kó fọ́, ìsàlẹ̀ ẹ̀ tutù, ó rọ̀.

Ẹ wá jókòó títí, kò sẹ́ni tó mú bíìlì wá. Ẹ má bínú, wọn ò pa yín tì. Lójú tiwọn, ìwà àìda ni kí wọ́n gbé bíìlì fún ẹni tí ò tíì bèèrè, bí ẹni tó ń lé àlejò. Tẹ́ ẹ bá ṣetán, l'addition, s'il vous plaît, ladisyọ́n. Agbáwo á gbé ẹ̀rọ káàdì wá bá yín nídìí tábìlì. Ẹ yẹ bíìlì wò bóyá wọ́n fi omi ìgò sí i tẹ́ ẹ ò bèèrè. Owó iṣẹ́ agbáwo ti wà nínú iye tí wọ́n kọ, service compris, wọ́n sábà máa ń ṣírò ẹ̀ ní ìdá 15 nínú 100, nítorí náà kò sí típù dandan bíi ti Amẹ́ríkà. Tí wọ́n bá tọ́jú yín dáadáa, ẹ fi owó ẹyọ díẹ̀ sílẹ̀. Oúnjẹ tẹ́ ẹ ò jẹ tán, ẹ lè ní kí wọ́n dì í fún yín, láti oṣù keje 2021 òfin ti ní kí wọ́n máa fún oníbàárà ní abọ́ tó máa fi gbé e lọ.

Ẹni tí àyà ẹ̀ ṣì ń já, kó fi Bouillon Chartier bẹ̀rẹ̀, ní Rue du Faubourg Montmartre. Láti 1896 ló ti wà níbẹ̀, owó ẹ̀ ò ga rárá, ìgbín wà, ọbẹ̀ wà, èrò pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó máa ráyè wo bẹ́ ẹ ṣe ń di fọ́ọ̀kì mú, orí bébà tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì náà ni agbáwo ti máa ń ṣírò owó yín. Ìlà àwọn tó fẹ́ wọlé máa ń gùn jáde síta ní aago 1 ọ̀sán àti aago 8 alẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í tì láàárín méjèèjì bíi ti àwọn yòókù, nítorí náà aago 3 ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ.